Ọmọ Odó Tí Akínwùmí Gbé Pamọ́

Akínwùmí kì í mutí, kì í sì í fa sìgá. Ogún ọdún ló ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí wọ́n ti rì í bọmi ní Ìkẹ́rẹ́. Bí o bá sọ fún un pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni, á rẹ́rìn-ín sí ọ. Ṣùgbọ́n owú ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé.

Ìyàwó rẹ̀, Morẹ́nikẹ́, ti darapọ̀ mọ́ ìjọ tuntun kan ní ìta ìlú. Dádì ni gbogbo wọn ń pe olùdásílẹ̀ ìjọ náà. Dádì ní ká gbààwẹ̀. Dádì ní ká má wọ dúdú. Sítíkà Dádì wà lára ilẹ̀kùn, kàlẹ́ńdà Dádì sì wà ní pálọ̀, níbi tí fọ́tò Akínwùmí wà tẹ́lẹ̀. Tirẹ̀ ti di èrò ẹ̀yìn fíríìjì.

Ó ń dun Akínwùmí wọra. "Èmi tí mo kọ́lé fún un, kò kúnlẹ̀ pè mí ní Dádì rí." Lóde, ohun tó ń sọ ni pé àwọn ìjọ ìwòyí ti sọ èèyàn di òrìṣà. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ yẹn ló ń bí i nínú.

Nígbà tó yá, iṣu titun jáde. Nílé wọn, baálé ló máa ń kọ́kọ́ jẹ iyán iṣu titun. Lọ́dún yẹn, Dádì ń bọ̀ wá wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi, Morẹ́nikẹ́ ni wọ́n sì yàn pé kó gúnyán fún un. Iṣu tí Akínwùmí kọ́kọ́ wà lóko ni Morẹ́nikẹ́ ṣà sọ́tọ̀ fún Dádì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Akínwùmí so ọmọ odó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, ó ń gbé e lọ fi pamọ́ sí ahéré. Owú kò jẹ́ kó rántí pé ọmọ odó kò wọ́n ní Èkìtì. Kó tó jáde nígboro, Morẹ́nikẹ́ ti yá ti aládùúgbò.

Ní kọ́nà kan lọ́nà oko, ọmọ odó náà kọ́ igi. Ọ̀kadà dà á nù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ sáré dé ọsibítù, iyán ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Fóònù rẹ̀ ń dún: Dádì ti dé, oúnjẹ dà? Ó pa á.

"Bàbá Títílọpẹ́, níbo lẹ ń gbé ọmọ odó ulé wa lọ?"

Ojú ti Akínwùmí, ó fa aṣọ ìbora bojú.

Lọ́sàn-án, Ògoolúwa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, wá kí i. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Akin, ta lò ń jowú fún? Ọlọ́run ni àbí ara rẹ?"

"Ọkùnrin yẹn gba àyè mi."

"Àyè rẹ kẹ̀? Ọkùnrin yẹn kò kú fún Morẹ́nikẹ́. Ìwọ náà ò kú fún un. Ẹnì kan ṣoṣo ló kú fún un, àga Rẹ̀ lẹ̀yin méjèèjì wá ń dù."

Akínwùmí kọjú sí ògiri, ó sunkún. Ó wá rí i pé ní gbogbo ogún ọdún tó fi ń kọrin sí Jésù, ìyìn tirẹ̀ ló ń retí. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ odó fún un. Lẹ́yìn náà ló gbàdúrà pé, "Jésù, èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n máa sìn. Dárí jì mí, gba àga Rẹ."

Ó padà sílé pẹ̀lú igi ìtilẹ̀. Kò fọwọ́ kan kàlẹ́ńdà náà. Nígbà tó yá, Morẹ́nikẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ká a, ó sì lọ wá fọ́tò ọkọ rẹ̀ jáde. Akínwùmí ní kó fi ògiri sílẹ̀ lófìfo bẹ́ẹ̀.

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, bóyá èèyàn lo gbé kọ́ ọkàn rẹ. Kò lè gbà ọ́ là. Bóyá ìta lo dúró sí, tí ò ń bú àwọn tó ń kúnlẹ̀ fún èèyàn, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ lo fẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ fún. Owú rẹ náà kò lè gbà ọ́ là. Jésù tó fẹ̀jẹ̀ rà ọ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti jowú lórí rẹ.

Kí lo gbé pamọ́ nítorí owú? Gbé e padà lónìí. Má dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ yóò kán kí o tó kúnlẹ̀.