Bí Fenna Ṣe Dágbére fún Oma

"Bí ojú Oma kò bá ríran mọ́, kí la ó máa wí tí a bá ń lọ sílé?"

Fenna ló béèrè.

Màmá ń fọ ife.

Ológbò ń sùn.

Òjò nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lára fèrèsé. Tó, tó, tó.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Fenna. Ní gbogbo Ọjọ́rú, ilé-ìwé máa ń tètè parí. Ní gbogbo Ọjọ́rú, Fenna àti Màmá máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé Oma.

Oma ni ìyá Màmá.

Kirín-kirín! Aago kẹ̀kẹ́ Fenna nìyẹn.

Etí odò ni ilé Oma wà. Fèrèsé rẹ̀ tóbi. Ìkòkò òdòdó mẹ́ta ló wà níbẹ̀, pupa, pupa, pupa.

Tẹ́lẹ̀, tíì máa ń wà lórí tábìlì. Bisikíìtì máa ń wà nínú agolo.

"Mú ọ̀kan," Oma á wí. Pá! Ó ti fi ìdérí dé agolo.

"Ẹyọ kan ṣoṣo, Oma?"

"Ẹnu mélòó lo ní?"

Fenna á rẹ́rìn-ín. Oma náà á rẹ́rìn-ín.

Tí wọ́n bá ń lọ, Oma á dúró sí fèrèsé. Oma á juwọ́. Fenna á juwọ́. Wọn á máa juwọ́ títí kẹ̀kẹ́ á fi yà ní kọ́nà.

"Tot ziens, Oma!"

"Tot ziens, Fenna mi!"

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ó dìgbà tí a bá tún fojú rí ara wa. Ohun tí wọ́n ń wí nìyẹn.

Ní kọ́nà, ẹ ó rí Harm Oníkẹ̀kẹ́. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gíríìsì. Tẹlifóònù kì í kúrò létí rẹ̀.

"Mo ti lẹ táyà rẹ! Ẹ̀n? Ó dáa! Tot horens!"

Gbogbo ìgbà ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Fenna kì í fetí sí i. Harm ni Harm.

Ṣùgbọ́n ojú Oma bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Lákọ̀ọ́kọ́, Oma kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́.

Lẹ́yìn náà, kò rí ìwé kà mọ́.

Lẹ́yìn náà, kò rí Fenna mọ́.

Ọjọ́rú dé. Òjò ń rọ̀. Tó, tó, tó. Fenna àti Màmá gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé Oma.

Oma bu tíì. Tíì dà sórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Oma wá agolo. Ó fọwọ́ wá a, ó wá a, ọwọ́ rẹ̀ bà á. Ó ṣí i. Kò dé e padà.

"Mú iye tó bá wù ọ́," ni Oma wí.

Fenna wo bisikíìtì. Kò fẹ́ ẹyọ kan pàápàá.

Àkókò tó láti máa lọ. Fenna wọ ẹ̀wù òjò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Tot..." ni Fenna wí.

Tó bá wí i tán, irọ́ ni. Oma kò ní fojú rí i mọ́. Fenna kì í sì í parọ́ fún Oma.

Ó pa ẹnu mọ́. Ó rọra jáde. Kò dágbére.

"Fenna?" ni Oma pè. "Ṣé o ti lọ ni?"

Fenna ti wà lórí kẹ̀kẹ́. Ó wo ẹ̀yìn.

Oma wà ní fèrèsé. Oma ń juwọ́. Ó ń juwọ́, ó ń juwọ́.

Ṣùgbọ́n Fenna kò sí níbi tó ń juwọ́ sí. Òpó iná ló wà níbẹ̀.

Omi bo ojú Fenna. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òjò.

Ọjọ́rú mìíràn dé. Òjò ń rọ̀. Tó, tó, tó.

Tíì tún dà. Agolo tún wà ní ṣíṣí. Àkókò tún tó láti máa lọ. Fenna tún rọra jáde.

Ó wo ẹ̀yìn.

Òdòdó mẹ́ta ló wà ní fèrèsé. Pupa, pupa, pupa. Kò sí Oma.

"Màmá, kí ló dé tí Oma ò wá sí fèrèsé?"

"Ó ní òun ò mọ ìgbà tó o bá lọ mọ́," ni Màmá wí. "Ó ní òun á kàn máa juwọ́ sófìfo. Wí nǹkan fún un, Fenna."

"Kí ni kí n wí, Màmá?"

Màmá nu òjò kúrò lójú.

Wọ́n ń lọ. Wọ́n ń lọ. Wọ́n dé kọ́nà.

Gbàgà! Ṣéènì kẹ̀kẹ́ Màmá yọ.

"Ẹ gbé e wá, ẹ gbé e wá!" ni Harm Oníkẹ̀kẹ́ wí. Ó wo Fenna. "Ètè yìí mà gùn lónìí o! Ṣé kí n so aago kẹ̀kẹ́ kọ́ ọ?"

Fenna kò rẹ́rìn-ín. Ètè rẹ̀ tún gùn sí i.

Tẹlifóònù Harm dún. Ó fi èjìká há a mọ́ etí. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ṣéènì. Ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ kọ́! Ẹ jẹun dáadáa o! Tot horens!"

Fenna gbé orí sókè.

"Bọ̀dá Harm, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ìlú Zwolle ló wà."

"Ṣé ẹ̀ ń rí i?"

"Láti ibí? Àbí o rò pé mo fi í sápò ni?"

"Kí lẹ wá wí fún un kẹ́yìn yẹn?"

"Tot horens. Ó dìgbà tí a bá tún gbóhùn ara wa." Harm nu gíríìsì mọ́ ṣòkòtò. "Kí ni ǹ bá tún wí? Ṣebí etí la fi ń rí ara wa."

Fenna ya ẹnu.

Gbogbo Ọjọ́rú. Gbogbo Ọjọ́rú ni Harm ń pariwo ọ̀rọ̀ yẹn!

Ó yí kẹ̀kẹ́ padà.

"Fenna! Níbo lò ń lọ?" ni Màmá kígbe.

"Mo gbàgbé nǹkan!"

Kirín-kirín! Ó kọjá òpó iná. Kirín-kirín! Ó dé abẹ́ fèrèsé. Kirín-kirín-kirín!

Fèrèsé ṣí. Orí Oma yọ láàárín òdòdó pupa.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Oma! Èmi Fenna! Mò ń lọ o! Tot horens!"

Oma na ọrùn síta. Òjò ń rọ̀ sí i lórí. Tó, tó, tó.

Lẹ́yìn náà, Oma rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ Harm nìyẹn! Mo máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ibí." Ó nu imú. "Tot horens, Fenna mi. Tó o bá dé ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, bisikíìtì ń bẹ. Mú ọ̀kan."

"Ẹyọ kan ṣoṣo, Oma?"

"Ẹnu mélòó lo ní?"

Fenna gun kẹ̀kẹ́. Kirín-kirín.

Oma ń juwọ́. Kì í ṣe sí òpó iná. Ibi tí aago bá ti dún ni ọwọ́ rẹ̀ ń kọjú sí.

Kirín-kirín, ọwọ́ Oma ń tẹ̀ lé e. Kirín-kirín, ọwọ́ Oma ń tẹ̀ lé e.

Ní kọ́nà, Fenna tẹ aago lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kirín!

Oma gbọ́ ọ.