Káfíńtà Tó Kán Eyín Télọ̀

Lọ́jọ́ tí káfíńtà kọ́kọ́ rí télọ̀ yẹn, inú bí i débi pé tí wọ́n bá gbé ìkòkò omi lé e lórí, yóò hó. Ṣòkòtò tó ya ló mú wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin ni télọ̀ náà, ó dúdú, ó ń dán, ẹyinjú ẹ̀ lè tan iná sí gbogbo àdúgbò. Káfíńtà gbàgbé ṣòkòtò.

"Ìwọ ni mo wá wò," ló sọ.

Dípò kó dáhùn, télọ̀ tẹjú mọ́ ògiri. Ẹnu ẹ̀ ń jẹ nǹkan tí kò sí níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ń fa etí aṣọ ṣáá. Káfíńtà pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ìpè kẹta yẹn, páànù òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí lọ.

Nígbà tó yá, ó ṣẹ́jú. "Ẹ má bínú, kí lẹ sọ?"

"Lọ béèrè lọ́wọ́ ògiri."

Ìbínú náà ló tún gbé e padà lọ́jọ́ kejì, kó lè bú u dáadáa. Kò tíì lanu tí télọ̀ fi ṣubú gbì, ara ẹ̀ gan, ó sì ń gbọ̀n jìgìjìgì. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tó ń pariwo pé kí wọ́n má fọwọ́ kan itọ́ ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlú kejì. Káfíńtà nìkan ló dúró. Ó ki rúlà onígi bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó má baà gbé ahọ́n ẹ̀ mì, eyín kan sì kán.

"Ta ló kán eyín mi?" ni télọ̀ béèrè nígbà tójú ẹ̀ wálẹ̀.

"Èmi ni. Mo fẹ́ gbà ẹ́ là ni."

"Lọ́wọ́ eyín?" Ó bínú títí ó fi sunkún. "Wárápá ló ṣe mí. Èèyàn kì í gbé ahọ́n ẹ̀ mì. Ẹ yí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi nǹkan tó rọ̀ sábẹ́ orí mi, kẹ́ ẹ wo aago. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Igi wo ló wá kàn nínú ẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà ni káfíńtà ti ń fi àpótí ìjókòó bẹ̀bẹ̀. Ó kàn án débi pé oníbàárà ò ríbi fẹsẹ̀ sí mọ́.

"Akáneyín," ni télọ̀ ń pè é, "ṣé kí n máa gbé orí òrùlé ni?"

"Èmi náà á gbé àga wá síbẹ̀, olólùfẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú télọ̀ tún lọ sára ògiri. Lọ́tẹ̀ yìí, aago ni káfíńtà wò. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá.

"Ṣé dókítà mọ̀ pé o máa ń lọ báyìí?"

"Lọ síbo?"

Télọ̀ fúnra ẹ̀ kò mọ̀. Ìgbéraga ni gbogbo ayé ń pè é. Ọ̀gá ẹ̀ tiẹ̀ ti gbá a létí lórí ẹ̀ rí. Inú bí káfíńtà sí ọ̀gá, ó sì bí i sí ara ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fà á lọ bá dókítà.

"Ọdún mẹ́fà, kò sẹ́ni tó sọ fún mi?" Dókítà fi gègé na tábìlì. "Wárápá ni ìyẹn náà. Ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó di ìṣubú. Oògùn tí mò ń kọ fún ẹ kò bá a mu rárá."

Ó yí oògùn náà padà. Oṣù mẹ́rin kọjá, télọ̀ kò ṣubú. Ojú ẹ̀ ṣì máa ń lọ, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Ìyá káfíńtà ló kù. Ó jókòó sétí ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ sá. "Wọ́n ní wárápá ń ràn."

Káfíńtà gba ife omi tí télọ̀ ń mu lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì mu ìyókù tán. "Ìyá mi, kì í ràn. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ nìyí. Tẹ́ ẹ bá kọ̀ ọ́, èmi náà lẹ kọ̀."

Ìyá wò ó títí. "O kàn ń bá mi jà ni. Ṣé o ti bi òun fúnra ẹ̀ bóyá ó fẹ́ ẹ?"

Káfíńtà kò tíì bi í. Ó kúnlẹ̀ síwájú télọ̀.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Télọ̀ tẹjú mọ́ ògiri. Káfíńtà sáré wo aago.

"Gbé aago yẹn sílẹ̀," ni télọ̀ wí. "Mò ń rò ó ni."

Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí i. "Mo ti rò ó tán. Dìde."