Ìyá Alágbàdo Kọ́bapẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yínmú, kó ní sùúrù, kó gbọ́ ọ tán ná. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì wà láyé. Mọ́ṣúdù tó fojú ara rẹ̀ rí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í fẹnu kan àgbàdo sísun mọ́ títí di òní, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó fẹ́ràn tó o tẹ́lẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1982 ni. Bùsírátù, ọmọ Alhaji Sàlàhúdíìnì tó ń ta àdìrẹ ní Ìtókù, ló sọ pé eré ìtàgé lòun fẹ́ kọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ẹnu rẹ̀ mú, ara rẹ̀ yá, ọ̀lẹ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ilé dàrú lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ sunkún. Bàbá rẹ̀ kò sunkún ní tirẹ̀, ó kàn fi gbèdéke sí i.

"Màá wá wo eré yín ní Aké," ló wí. "Tó bá jẹ́ àga lo kàn ń bá wọn gbé, láti ibẹ̀ la ó ti jọ máa lọ sílé. Ìdí aṣọ lo máa jókòó sí."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

"Má tíì dúpẹ́."

Ọ̀gá Olúbọ̀dé ló ni ẹgbẹ́ òṣèré náà. Nínú ọgbà ilé ìwé kan ní Aké ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ti lọ sílé. Wọn kì í kọ eré sílẹ̀. Ọ̀gá á sọ ìtàn náà lẹ́ẹ̀kan, á pín in fún wọn, ó sì di ọwọ́ oníkálukú bó ṣe máa sọ tirẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ á dúró sí ìpẹ̀kun ọgbà, á máa bá igi máńgòrò tó wà lódìkejì sọ̀rọ̀, títí ohùn rẹ̀ á fi débẹ̀ láìpariwo. Á ru ìkòkò omi rìn. Á sunkún níwájú dígí, á sì rẹ́rìn-ín kí omijé tó gbẹ. Gbogbo èyí kò ni Bùsírátù lára. Èyí tó ń ni ín lára ni ohun tí Ọ̀gá ń pè ní ìwé kíkà.

"Èèyàn nìwé tiwa," Ọ̀gá máa ń wí. "Ẹ jáde lọ. Ẹ wá ẹnì kan, ẹ kà á dáadáa, kẹ́ ẹ sì gbé e wá fún mi: ìrìn ẹ̀, ẹ̀rín ẹ̀, bó ṣe ń mí. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá ẹnikẹ́ni o. Ẹni tẹ́ ẹ ò rí, ẹ má gbé e wá síwájú mi."

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀, Ọ̀gá?" Mọ́ṣúdù bèèrè. Òun ni aláwàdà ẹgbẹ́ náà, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n tún eré bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Eré tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ìyá arúgbó kan nínú, ẹlẹ́nu ṣọ́bọ̀lọ̀. Ọ̀gá ní bí Bùsírátù bá lè ka arúgbó kan wá dáadáa, ipa arúgbó náà di tirẹ̀. Ọjọ́ tó yẹ kó lọ, òjò dé. Òjò yẹn tutù, ẹní sì dùn ún sùn lórí. Bùsírátù wọṣọ, ó bọ́ ọ, ó padà sùn.

Ibi tó dùbúlẹ̀ sí ló ti fi orí ara rẹ̀ dá ìyá kan. Ó fún un ní orúnkún ọ̀tún tó ń dùn ún, kó lè máa tiro. Ó fún un ní ẹ̀rín kan tí kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí: ẹ̀rín náà kì í jáde, inú ló ń wọ̀, bí ìgbà téèyàn ń fa ẹ̀kọ gbígbóná. Inú rẹ̀ dùn sí ẹ̀rín yẹn púpọ̀. Ó dá a rín lábẹ́ aṣọ ìbora títí àbúrò rẹ̀ fi lọ fẹjọ́ sùn.

Nígbà tó ṣe é níwájú ẹgbẹ́, Mọ́ṣúdù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Níbo lo ti rí i?" Ọ̀gá bèèrè.

"Kọ́bapẹ́ ni, Ọ̀gá. Ẹ̀bá títì. Àgbàdo ló ń sun."

"Ìyá ta ni?"

Ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti fẹ́ tú. Èèyàn tí Ọ̀gá mọ̀ lójú ọ̀nà yẹn pọ̀. Bó bá dárúkọ ọmọ, Ọ̀gá á wá ọmọ náà kàn.

"Kò bímọ, Ọ̀gá. Ìyá Alágbàdo ni wọ́n kàn ń pè é."

Ọ̀gá mi orí. Ó ní, "Ìwọ lo ni ín." Bùsírátù fò sókè.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, Ọ̀gá lọ lẹ pósítà ní Ṣágámù. Ó padà dé tòun tẹ̀rín lẹ́nu.

"Bùsírátù! Mo rí ìyá ẹ ní Kọ́bapẹ́."

"Ìyá mi kẹ̀? Ìtókù ni wọ́n wà, Ọ̀gá."

"Ìyá Alágbàdo ni mò ń sọ. Mo ra àgbàdo lọ́wọ́ ẹ̀. Háà, o kà á o! Ẹ̀rín yẹn gan-an ni. Àmọ́ ó ní orúnkún òsì ló ń dun òun, ọ̀tún kọ́."

Òtútù mú Bùsírátù láàárín oòrùn ọ̀sán.

"Ó tún ní kí n bá òun bi ẹ́ léèrè," ni Ọ̀gá wí, ó ti ń tú aṣọ eré wò, "kí lòun fi ṣe ẹ́ tó o fi sọ pé òun ò bímọ?"

Mọ́ṣúdù nìkan ni Bùsírátù jẹ́wọ́ fún pé òun ló fi orí ara òun dá ìyá náà. Mọ́ṣúdù ní àwàdà ni Ọ̀gá ń ṣe, wọ́n sì jọ wọkọ̀ lọ sí Kọ́bapẹ́ lọ́jọ́ kejì. Oòrùn mú. Igi kan wà lẹ́bàá títì. Abẹ́ rẹ̀ ni àpótí ìjókòó kékeré kan wà, àti abẹ̀bẹ̀, àti ẹyín iná tó ń jó wọ́ọ́wọ́ọ́. Àgbàdo mẹ́ta wà lórí iná. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"Ẹ kú ọjà, mà," Bùsírátù kí ìyá tó ń ta gbágùúdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. "Ẹni tó ń ta àgbàdo yìí ńkọ́?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni. Ó ní àwọn kan ń bọ̀ wá kí òun, ojú ń ti òun."

"Ṣé ó ti pẹ́ níbí?"

"Ó ti pẹ́, àní..." Ìyá náà wo àpótí. Ó wo iná. "Ìgbà wo ló dé gan-an? Mi ò rántí ìgbà tí kò sí níbẹ̀. Mi ò sì rántí rẹ̀ ṣáájú òjò ńlá ìjelòó."

Ọkọ̀ kankan kò kọjá. Ewé kò mì. Nínú oko àgbàdo lẹ́yìn wọn, ẹnì kan rẹ́rìn-ín sínú. Mọ́ṣúdù ti wà lójú títì kí Bùsírátù tó yíjú padà, ó ń na ọwọ́ sí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ṣágámù, bẹ́ẹ̀ Ṣágámù kọ́ ni wọ́n ti wá.

Ọjọ́ eré pé. Gbọ̀ngàn kún. Alhaji Sàlàhúdíìnì jókòó síwájú, ó káwọ́ gbera. Bùsírátù jáde, ẹsẹ̀ òsì ló sì fi ń tiro. Ó rí i pé ara òun yá, ọ̀rọ̀ ń wá fúnra wọn. Òǹwòran ń fọwọ́ gbá àga. Ibi tí wọ́n ti ń pariwo ni iná mànàmáná ti lọ.

Gbogbo wọn dákẹ́. Nínú òkùnkùn, láti ẹ̀yìn pátápátá, ẹ̀rín yẹn dún. Lẹ́ẹ̀kan. Ó dún bí ẹ̀rín ẹni tó ń retí nǹkan.

Ẹ̀rù ba Bùsírátù, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n àánú ló borí ẹ̀rù. Ó ro arúgbó kan tó jókòó ti iná, tí kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ ọmọ pè é, nítorí pé ẹnì kan sá fún òjò. Kò sẹ́ni tó kọ eré sílẹ̀, tirẹ̀ ni ẹnu rẹ̀. Ó gbé ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, láìpariwo.

"Ta ló ń pè mí ní Ìyá Alágbàdo? Èmi tí mo lọ́mọ! Ìyá Fọlákẹ́mi ni mí o. Fọlákẹ́mi lọmọ mi!"

Lẹ́yìn náà, ẹnì kan mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Iná dé. Àtẹ́wọ́ sì bo gbogbo ilé.

Bàbá rẹ̀ wá bá a lẹ́yìn ìtàgé. Ó ń wò yíká.

"Níbo lẹ ti rí arúgbó yẹn? Mo fẹ́ kí i. Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n tó máa jẹ́ kó o jáde?"

"Èmi ni, Bàbá."

Bàbá wò ó títí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. "Dúró síbẹ̀," ló wí. "Dúró ti iṣẹ́ ẹ. Aṣọ á máa ta ara rẹ̀."

Ayọ̀ yìí ni Bùsírátù ń yọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin kan wọlé, ó tó ẹni ogójì ọdún, ó gbé àwo àgbàdo sísun lọ́wọ́. Èéfín ṣì ń rú lára àgbàdo náà. Ó kúnlẹ̀ fún Bùsírátù, tí òun fúnra rẹ̀ lè bí lọ́mọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìyá mi ní kí n gbé e wá. Wọ́n ní kí n máa dúpẹ́."

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Kí lorúkọ yín?"

"Fọlákẹ́mi ni."

Mọ́ṣúdù rọra fi àga ìjókòó sílẹ̀. Obìnrin náà kò dìde. Ó ń fi ìka ká etí ìró rẹ̀, ojú ń tì í.

"Ẹ má bínú, mà. Èmi ńkọ́? Ṣé mo bímọ?"

Bùsírátù wo bàbá rẹ̀ tó ti ń jẹ àgbàdo lọ, tí kò mọ nǹkan kan. Ó wo obìnrin náà.

"Ìbejì," ló wí. "Takọ, tabo. Ara wọn le dáadáa."

Fọlákẹ́mi rẹ́rìn-ín sínú. Ó dìde, ó tiro lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Níta níbẹ̀, ọmọ ọwọ́ kan ké. Òmíràn dá a lóhùn.