Àmì Dúdú Tó Wà Lábẹ́ Òdòdó

Aránṣọ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Afojúwọ̀n. Kì í lo téèpù. Bí o bá ti yọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí o tó jókòó, ó ti mọ bí èjìká rẹ ṣe fẹ̀ tó. "Mo ti wọ̀n ọ́ tán," ni yóò wí, aṣọ náà yóò sì bá ọ mu rẹ́gí.

Bí ẹnikẹ́ni bá pè é wá sí ilé Ọlọ́run, ìdáhùn kan náà ló máa ń fún un. "Ọlọ́run fún mi lójú, ojú náà ló ń bọ́ mi. Kí ni mo tún fẹ́ bẹ̀ Ẹ́ fún?"

Ìyàwó rẹ̀ ní àpá kan lẹ́yìn, nísàlẹ̀ èjìká òsì. Omi gbígbóná ló dà sí i lára nígbà tó wà lọ́mọdé. Àpá náà ń dán, ó sì sún kì bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó. Ní etí rẹ̀ ni àmì dúdú kékeré kan wà tí wọ́n bí i mọ́.

Nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ wọn obìnrin ń sún mọ́lé, Afojúwọ̀n rán aṣọ kan fún ìyàwó rẹ̀ tó gé ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ náà wù ú. Àpá yẹn nìkan ló fẹ́ bà á jẹ́.

"Ọ̀rẹ́ mi á bá ọ fín òdòdó lé e," ni ó wí.

"Bàbá wọn, ṣé lọ́jọ́ ogbó mi yìí ni kí n wá máa ru ọgbà òdòdó kiri lẹ́yìn?"

"Èmi ni mo ni ọgbà náà. Ta ló bi wọ́n?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

Ọ̀rẹ́ tó ń wí yìí ni onítátùú tí ogiri kan ṣoṣo là sáàárín ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń jẹun nínú abọ́ kan. "Abẹ́rẹ́ lèmi náà ń lò," ni Afojúwọ̀n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, "ṣùgbọ́n oníbàárà tèmi kì í ké." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ a ní, "Tèmi kì í kó iṣẹ́ padà wá pé kí n tú u rán."

Ọdún méjì kò pé lẹ́yìn ìgbéyàwó náà tí kókó fi yọ sí obìnrin náà lábẹ́ abíyá. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà wo òdòdó ẹ̀yìn rẹ̀ títí.

"Inú ibí yìí ló ti bẹ̀rẹ̀," ni dókítà sọ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà. "Àmì dúdú kan wà níbẹ̀ tó ti ń yí padà. Tàdáwà bò ó, kò sí ẹni tó rí ohun tó ń ṣe. Ó dájú pé ẹni tó fín in rí i kí ó tó bò ó."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn èyí, wọ́n sin ín. Onítátùú wà lára àwọn tó gbé pósí, ó ń sunkún. Afojúwọ̀n wo omijé náà, ó sì kórìíra rẹ̀. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.

Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò rán aṣọ kankan. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó kọjú sí ogiri. Kò gbọ́ kí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dún níhà kejì mọ́. "Ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ," ni ó máa ń wí fún ogiri náà, ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣí. Ó ki àlùmọ́gàjí ńlá tó fi ń gé aṣọ bọ àpò, ó sì wọlé tọ̀ ọ́.

"Bébà dà?" ni ó wí.

Ó mọ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí ó tó fi abẹ́rẹ́ kan ẹnikẹ́ni, a máa ya àwòrán ibẹ̀ sórí bébà, a sì sàmì sí gbogbo ohun tó wà lára awọ náà. Awọ àpá kì í gba tàdáwà bí awọ tó jọ̀lọ̀, àmì dúdú kò sì ṣeé fín lé rárá.

Onítátùú kò bi í léèrè pé bébà wo. Ó fà á yọ láàárín àwọn yòókù, ó sì nà án sí i. Ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Àpá náà nìyẹn, òdòdó náà nìyẹn. Ní àárín òdòdó ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fa òbìrí méjì yí ohun kékeré kan ká, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Àmì dúdú. Ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Kí dókítà kọ́kọ́ wò ó.*

"O rí i!" Afojúwọ̀n kígbe. "O rí i, o sì bò ó! Ìwọ tí mo fi ìyàwó mi lé lọ́wọ́!" Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú àpò.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sún sẹ́yìn. "Mo rí i, mo sì bò ó. Ohun tí o bá fẹ́ ṣe, ṣe é. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yí bébà náà padà."

Afojúwọ̀n yí i padà. *Mo dá a padà sílé pé kó lọ rí dókítà. Ó padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní ọkọ òun ti wò ó, kò sí nǹkan níbẹ̀, kí n máa fín in lọ.*

Ìgbà náà ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn padà wá sí i lójú. Ó ń gé aṣọ oníbàárà kan. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀yìn sí i, ó fa bùláùsì rẹ̀ wálẹ̀ ní èjìká.

"Bàbá wọn, ọ̀rẹ́ yín ní nǹkan kan ń ṣẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, pé kí n lọ rí dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mi ò lójú lẹ́yìn."

"Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìwọ ń wá dókítà kiri. Sọ fún un pé mo ti wò ó."

Kò gbé orí sókè. Obìnrin náà fa bùláùsì rẹ̀ sókè.

"Ẹ ṣeun," ni ó wí.

Afojúwọ̀n, tó mọ ìwọ̀n ẹ̀yìn gbogbo obìnrin àdúgbò, kò wo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀. Ó ti gbàgbé pé òun tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó yọ àlùmọ́gàjí náà nínú àpò, ó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo dalẹ̀ rẹ̀," ni ó wí.

"Àwa méjèèjì ni. Ìwọ ò wò ó. Èmi wò ó, mo mọ̀, mo sì gbà sí ọ lẹ́nu nítorí mi ò fẹ́ kí o bínú sí mi."

"Báwo lo ṣe ń rí oorun sùn?"

"Mi ò rí i sùn. Mo tiẹ̀ fẹ́ dáná sun bébà yẹn. Nígbà tó yá, mo gbé e lọ síwájú Jésù bó ṣe wà, tojú tẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́ ló ta Òun náà. Àpá wà lọ́wọ́ Rẹ̀, kò fi nǹkan kan bò ó. Ọwọ́ náà ló ń nà sí àwọn tó dá àpá náà sí I lára."

"Ṣé Ó lè gba irú èmi?"

"Ó gba èmi."

Afojúwọ̀n kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Kò mọ àdúrà gígùn. "Olúwa, mo ní mo ti wò ó. Mi ò wò ó. Irọ́ ni mo pa. Má bá mi bò ó. Bá mi wẹ̀ ẹ́ nù."

Ìyàwó rẹ̀ kò jí dìde. Afojúwọ̀n tọ ọmọ rẹ̀ lọ, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́, oṣù mẹ́ta sì ni ọmọ náà kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bá ogiri sọ̀rọ̀ mọ́. Téèpù ló wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí, wọn kò sì yéé pè é ní Afojúwọ̀n.

Ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, ta ló dalẹ̀ rẹ? Ó lè jẹ́ òótọ́ ni. Ó lè jẹ́ pé o ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ọ́, yí bébà náà padà. Kí ni a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ nípa tìrẹ?

Orúkọ rere rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ìjókòó rẹ nínú ìjọ, òdòdó ni wọ́n. Wọ́n lè wu ènìyàn. Ohun tó wà lábẹ́ wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Bí ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ bá ní kí o bá òun wo ẹ̀yìn òun, gbé orí rẹ sókè. Bí Jésù bá sì ní kí o jẹ́ kí Òun wo ọkàn rẹ, má ṣe sọ fún Un pé o ti wò ó, kò sí nǹkan níbẹ̀. Fi hàn Án lónìí. Ohun tí o rò pé ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn lè dúró. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o tó ká ìwé yìí.