Tíṣà Tó Ń Sọ Ọjọ́ Kan Nù

Àwo tánńganran mẹ́fà ni Mọ́rúfù Ṣóbándé kọ́kọ́ rí kí ó tó rí ẹni tó ni wọ́n. Ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n gbà wọlé ní ibùdókọ̀ Sakété, wọ́n sì gúnlẹ̀ sórí itan rẹ̀ láìtọrọ àyè. Lẹ́yìn àwo ni ọwọ́ yọ, lẹ́yìn ọwọ́ ni ojú yọ. Ojú náà dúdú, ó ń dán, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì wọ́n mú. Tí ọ̀kan bá họ, ẹ ó rà á."

Kí ó tó mọ ohun tí yóò sọ, ọmọbìnrin náà ti wọlé, ó ti jókòó tì í. Ràúdátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Alùfáà Ṣùáíbù tó ń ta àwo ní Sakété. Gbogbo ọjọ́ ọjà, lọ́rọọrún, ló ń wọ ọkọ̀ yìí lọ sí Pobè.

Mọ́rúfù ní tirẹ̀, tíṣà ni l'Abẹ́òkúta. Ọdún kejì òmìnira Dàhòmẹ̀ nìyí. Ọyẹ́ ti mú, ilé ìwé ti gba ìsinmi, ló bá gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara òun mọ ilẹ̀ àwọn ará wa tó bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmọ̀ kò tíì dé, ìdààmú ló kọ́kọ́ dé. Èdè tí wọ́n ń sọ nínú ọkọ̀ jọ ti ilé, síbẹ̀ kò jọ ọ́ tán. Ẹni tó fi Ànàgó kí i yóò yíjú, yóò fi Gùn bá ẹlòmíràn jà, yóò sì fi Faransé parí ìjà náà. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ nawọ́ sí i tó ní, "Bíyẹ̀," ńṣe ló bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Tíkẹ́ẹ̀tì yín ló fẹ́ rí," ni Ràúdátù wí. "Kò wá kí yín."

Ojú ti Mọ́rúfù. Ọmọbìnrin náà ṣàánú rẹ̀, ó bi í pé ìgbà wo ló ti dé.

"Ọjọ́rú ni mo wọ Àjàṣẹ́. Òní Àbámẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn."

Ràúdátù ká ìka rẹ̀ kò. "Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Jímọ̀, Àbámẹ́ta. Mẹ́rin ni. Ẹ ti sọ ọjọ́ kan nù sọ́nà, Tíṣà."

"A máa ń yọ ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò ni."

"Kí ló ṣe tí a ó fi yọ ọ́? Ṣé ẹ ò jẹun lọ́jọ́ náà ni?"

Ó yẹ kí Mọ́rúfù ti gba ọ̀nà Àbọ̀mẹ̀ lọ. Kò lọ. Àjàṣẹ́, níbi tí ọkọ̀ náà ti ń gbéra, ló ń sùn, bí ọjà Pobè bá sì ti pé, yóò wọ ọkọ̀, yóò gbé àwo lé itan, yóò lọ, yóò bọ̀, láìra ohunkóhun. Kò mọ ohun tó ń ṣe òun. Àwa tó ń wò ó mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ ọjà kẹrin, Ọjọ́bọ̀ ni, Ràúdátù kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó sọ fún un pé ẹbí Ṣàmsídéènì, aláṣọ kan l'Àjàṣẹ́, ń tọrọ òun.

"Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà, mi ò tíì mọ̀ yín tó. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè, ẹ̀yin ni mo máa ń wá lójú fèrèsé."

Lójọ́ náà gan-an, nígbà tí ọkọ̀ ń bọ̀ láti Pobè, Mọ́rúfù bọ́ sílẹ̀ ní Sakété, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alùfáà Ṣùáíbù. Bàbá náà ní kí ó dìde.

"A kì í fọmọ fún ẹni tí a ò mọlé rẹ̀. Lọ mú àgbà ilé yín wá. Ọjọ́ karùn-ún òní ni àwọn ará Àjàṣẹ́ ń bọ̀ wá gbèsì. Bí o bá dé, a ó jọ sọ̀rọ̀. Bí o kò bá dé, mo ti dá wọn lóhùn."

Mọ́rúfù yọ ìwé pélébé láti inú àpò, ó ka ọjọ́ márùn-ún bó ṣe ń kà á fáwọn ọmọ ilé ìwé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: Ìṣẹ́gun.

Ó sáré délé, ó bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, wọ́n gun lọ́rì gba Ìlaròó. Ní àárọ̀ Ìṣẹ́gun wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Pobè. Ibùdókọ̀ ṣófo, inú ọkọ̀ náà ṣófo. Kò sí agbọ̀n, kò sí ariwo, kò sí ọlọ́jà kan.

"Àwọn ọlọ́jà dà?" ló bi òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tó bọ̀ lọ́wọ́ níjọ́sí.

"Àná ni ọjà."

"Òní ni ọjọ́ karùn-ún."

"Àná ni."

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kí ó sọ ọjọ́ tí wọ́n dá àdéhùn fún òun. Àgbàlagbà náà ká ìka kò láti Ọjọ́bọ̀, ó dé Ajé, ìka tán. "Mọ́rúfù," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé ìwọ náà ló ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò?"

Mọ́rúfù ń rí ìka Ràúdátù bó ṣe ń ká wọn kò, ó sì ń bi ara rẹ̀ bí òun ṣe gbọ́ ọ, tí òun rẹ́rìn-ín, tí òun kò sì kọ́ nǹkan kan.

Ràúdátù wà ní ibùdókọ̀ Sakété. Ó gbé àwo omi lọ́wọ́, kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Mọ́rúfù wo ojú rẹ̀, kò mọ̀ bóyá ire ló dé tàbí ibi.

"Ṣé wọ́n wá?"

"Wọ́n wá lánàá."

"Kí ni Bàbá sọ fún wọn?"

"Mo kúnlẹ̀ fún Bàbá. Mo ní ọkùnrin yìí kì í parọ́, ó kàn máa ń sọ ọjọ́ kan nù ni. Bàbá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà sílé ná, ó ní òun ó ránṣẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ òní." Ó na àwo omi náà sí i. "Mi ò mọ̀ bóyá ẹ ó wà nínú ọkọ̀ o. Mi ò sùn."

"Mo wà níbẹ̀," ni Mọ́rúfù wí. Ó gba àwo omi náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún àgbà mu.

Nílé bàbá Ràúdátù, wọ́n sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Obì kọjá láti ọwọ́ àgbà kan sí èkejì, Alùfáà Ṣùáíbù sì ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí Àjàṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí Mọ́rúfù.

"Ọjọ́ karùn-ún òní la ó so yìgì. Ọjọ́ wo nìyẹn?"

Mọ́rúfù kò mú ìwé jáde. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ká àtàǹpàkò kò fún òní, ó sì ń ká àwọn yòókù lọ díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi di.

"Àbámẹ́ta," ló wí.

"Ó pé," ni Ràúdátù dáhùn láti ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà.