Páálí Tí Wọ́n Kọ Bọ́tìnnì Sí

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ fu ìyá lára ni pé kò sẹ́ni tó ń fara kan ọkùnrin náà. Ẹnu ọ̀nà àbájáde pápákọ̀ òfurufú ń hó yèè láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn awakọ̀ ń fa èèyàn láṣọ, àwọn ọmọdé ń ké, ẹrù ń gun ẹrù. Síbẹ̀, àyè ṣófo yí ọkùnrin yìí ká, bí ẹni pé wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ fún un. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn. Oòrùn mú, ṣùgbọ́n kò làágùn. Ó gbé páálí kan sáyà, ọ̀rọ̀ kan péré ló wà lára rẹ̀: BỌ́TÌNNÌ.

Ìyá rí i, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Èmi rè é o!"

Kò parọ́. Aránṣọ ni obìnrin yìí. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ó gbé bọ́tìnnì mì nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ìyá ti kọ ẹ̀yìn sí i, tó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ. Ojú ọmọ ti yí, ètè rẹ̀ ti dúdú, kó tó pọ̀ ọ́ jáde. Láti ọjọ́ náà ni àwọn oníbàárà ti sọ ọmọ ní Bọ́tìnnì, wọ́n sì sọ ìyá ní Ìyá Bọ́tìnnì. Nígbà tó yá, ẹnu wọn ò lè pe gbogbo rẹ̀ mọ́. Wọn a dúró níta, wọn a pariwo: "Bọ́tìnnì! Ṣé ṣòkòtò mi ti yá?"

Ìyá a dáhùn láti inú lọ́hùn-ún: "Ó ti yá! Bọ́tìnnì ló kù ká rán mọ́ ọn!"

Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a yí padà, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé kò tíì gé aṣọ náà rárá.

Ọmọ yẹn ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n báyìí, ìlú ńlá yìí ló ti ń ṣiṣẹ́. Nǹkan kan ló hù sí i nínú, àwọn dókítà sì ní àfi kí àwọn yọ ọ́. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ọjọ́ méjì péré ni ìyá fẹ́ lò. Ì bá ti tètè dé, àmọ́ bàlúù àná ò gbéra. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ Ọlọ́run fún ni kó fojú kan ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ọmọ ti bá a ṣètò awakọ̀ kan tí yóò gbé páálí dání, kó má baà sọnù sáàárín èrò.

Lálẹ́ àná tí ìyá pè é, ohùn oorun ló fi gbé fóònù.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ jí mi. Àlá kan ni mo ń lá. Mo jáde láti ẹnu ọ̀nà gbàgàdà kan, bíi ti ẹ́pọ́ọ̀tù. Ọkùnrin kan gbé orúkọ mi dání. Mo ti ń lọ bá a."

"Ìrìn àjò tèmi lò ń rò," ìyá dá a lóhùn. "Padà sùn, jàre."

Awakọ̀ gba báàgì lọ́wọ́ ìyá, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ohùn ẹni tó wà nínú yàrá aláìsàn.

"Ṣé ẹ ò gbàgbé nǹkan kan?"

"Rárá o, ọ̀gá awakọ̀. Ọsibítù là ń lọ tààrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sáré díẹ̀."

Inú ọkọ̀ náà tutù, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo fèrèsé wà ní ṣíṣí. Ó ń rùn bí aṣọ tó ti pẹ́ nísàlẹ̀ àpótí. Nígbà tí wọ́n dé géètì, ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ gbé irin sókè láìwo ọ̀dọ̀ wọn, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù lọ. Gbogbo iná adarí ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà ló ń di àwọ̀ ewé kí wọ́n tó súnmọ́ ọn. Ìyá ń dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ pé kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà.

Wọ́n gun afárá gígùn kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ilé onígíláàsì tò lọ rẹrẹẹrẹ, àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá sì ń hàn lára wọn bí ìgbà tí èèyàn ń wo dígí. Ìyá rí bọ́ọ̀sì aláwọ̀ yẹ́lò tó wà níwájú wọn lára gíláàsì. Ó rí ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn wọn. Àárín àwọn méjèèjì ṣófo.

Ó pa ojú dé, ó là á. Oorun bàlúù ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Ó wá gbé ojú sórí ohun tó mọ̀, ìyẹn aṣọ. Ó wo ẹ̀yìn ọrùn awakọ̀, níbi tí kọ́là ti pàdé ṣẹ́ẹ̀tì. Ó wo èjìká, ó wo apá. Kò rí ipa abẹ́rẹ́ níbì kankan. Aṣọ náà kò ní ojú rírán kan ṣoṣo.

Fóònù rẹ̀ dún, ó gbé e.

"Màámi, níbo lẹ wà? Awakọ̀ tí mo rán ní òun ti dúró láti aago mẹ́sàn-án, òun ò rí yín. Ó ní Ìyá Bọ́tìnnì lòun kọ, gàdàgbà gàdàgbà."

Ìyá tẹ fóònù mọ́ etí. "Mo ti wọkọ̀," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ọkọ̀ wo?"

Ìyá tún wo ẹ̀yìn awakọ̀.

"Màámi, wọ́n ti dé láti wá gbé mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ má jẹ́ kí n jí kí n má bá yín níbẹ̀ o."

Fóònù gé. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá bi awakọ̀ léèrè, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.

"Ta ló rán yín?"

"Wọ́n ní kí n wá gbé Bọ́tìnnì ni. Mo ti wá gbé e rí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà yẹn. Bọ́tìnnì búlúù, olójú mẹ́rin. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín kó tó pọ̀ ọ́ jáde."

Kò sí ẹ̀dá alààyè tó mọ àwọ̀ bọ́tìnnì náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ló ti jù ú sínú ṣálángá, kò fi han ẹnikẹ́ni.

"Kò yẹ kí ẹ wá gbé ọmọ mi. Èmi kọ́..."

Ọkọ̀ dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkùnrin náà wò ó nínú dígí. Ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Bí akọ̀wé ṣe ń wo ìwé ló ṣe wò ó.

"Ẹ̀yin kọ́ ni Bọ́tìnnì? Ẹ̀yin lẹ jáde wá bá mi. Ẹ ní ẹ̀yin ni." Ó fi àgbọ̀n júwe ìta. "Bí ẹ̀yin bá kọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ̀bi ò sí. Màá lọ gbé e. Mi ò lè padà lófo. Aago kan ni wọ́n ń retí mi."

Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀. Ní òdìkejì títì, ìyá rí ọsibítù. Ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀, òun gan-an ni. Oòrùn ń ràn sórí àtẹ̀gùn rẹ̀, obìnrin kan ń ra ọsàn lẹ́nu géètì. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, gbígbóná ọ̀dà títì sì ti ń kàn án lábẹ́ bàtà.

Ó fa ẹsẹ̀ náà padà. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Èmi ni Bọ́tìnnì," ó ní.

"Ó dáa. Ṣé ẹ ò gbàgbé nǹkan kan? Ẹni tí mo bá gbé kì í fi nǹkan sílẹ̀ sẹ́yìn."

Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá ti fi ń dá oníbàárà dúró. Nínú ẹ̀rù yẹn náà, ẹnu aránṣọ ò kú.

"Áà! Mo mà gbàgbé o. Báàgì mi kan ṣì wà ní ẹ́pọ́ọ̀tù."

Wọ́n padà sí ẹ́pọ́ọ̀tù. Kò sí báàgì kankan. Ìyá lu ọwọ́ mọ́ra: "Ẹ wò ó, orí mi ò pé. Òwú ni mo fẹ́ rà fún oníbàárà kan, mo ti gba owó rẹ̀." Wọ́n gba àárín ọjà kan lọ. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù olówùú, ó kí ọmọbìnrin tó ń tajà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọbìnrin náà ń yán, ó ń wo ibi tí ìyá dúró sí, ó ń wo títì. Ìyá bojú wo dígí tó wà lára ògiri. Ó rí òwú aláwọ̀ mèremère. Kò rí ara rẹ̀.

Ó fi eyín di ìka mú kó má baà kígbe. Ó padà sínú ọkọ̀.

Ó tún gbàgbé ìwé tó yẹ kó fi ránṣẹ́. Ó tún gbàgbé gíláàsì ojú. Ìlú tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà á láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé òun á sọnù sí, ó ń bẹ ọ̀nà rẹ̀ pé kó gùn sí i. Ó ní kí wọ́n yà sọ́tùn-ún, ó ní òsì lòun fẹ́ sọ. Ọkùnrin náà ò ráhùn rí. Ó kàn ń bi í ní ohùn kan náà, níbi gbogbo tí wọ́n bá dúró sí: "Ṣé ẹ ò gbàgbé nǹkan kan?"

Nígbà tí aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kò bi í mọ́.

"Kò ku nǹkan tí ẹ gbàgbé," ó ní.

Ọkọ̀ bọ́ sí ọ̀nà kan lẹ́bàá omi. Kò sí ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀. Àwọn ilé ń kéré sí i, lẹ́yìn náà wọn ò sí mọ́. Ariwo ìlú gé bí ìgbà tí èèyàn pa rédíò. Ìyá wá gbogbo inú rẹ̀ fún irọ́ kan, kò rí. Ó wo ọrùn ọkùnrin náà, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọ̀gá awakọ̀, ta ló rán ṣẹ́ẹ̀tì yín?"

Ọkùnrin náà wo apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Mi ò mọ̀."

"Wọn ò rán an. Apá kan gùn ju èkejì lọ. Aránṣọ bíi tèmi á wá jókòó sẹ́yìn ẹni tó wọ irú eléyìí títí dé ibi tí à ń lọ? Ìtìjú ni o. Ẹ dúró kí n wọ̀n yín."

Kò retí pé yóò dúró. Ó dúró.

Ìyá yọ téèpù láti inú báàgì rẹ̀, ó fara ti ìjókòó iwájú. Ó wọn èjìká. Ó wọn ọrùn. Ara rẹ̀ tutù bí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, òtútù náà ń gun ìka ìyá bọ̀ wá sí ìgbọ̀nwọ́. Ó wọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà sókè, ó ń ṣì í, ó ń tún un wọ̀n.

"Ẹ gbé apá. Apá kejì. Ẹ gbà mí láyè kí n wọn àyà. Ẹ má mí o."

"Mi ò kì í mí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ìyá ń bá iṣẹ́ lọ.

Fóònù dún. "Ẹ̀yin ni Ìyá Bọ́tìnnì, bí a ṣe rí i lórí fóònù rẹ̀?" Ohùn nọ́ọ̀sì ni. "Wọ́n ti gbé e jáde. Ẹ̀yin ló ń pè."

Aago kan tí wọ́n ń retí awakọ̀ ti fi ìṣẹ́jú kan kọjá. Nígbà tí ìyá gbójú sókè, ẹnu géètì ọsibítù ni wọ́n wà, obìnrin yẹn ṣì ń ra ọsàn. Ọkùnrin náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí sítíárì bí ẹni tí nǹkan ò yé.

"Ṣé ẹ ò gbàgbé nǹkan kan?" ó ní.

"Rárá!" Ìyá fa báàgì, ó sá.

Ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ nínú yàrá funfun, ètè rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n ó gbóná. Ìyá di ọwọ́ gbígbóná yẹn mú, ó fi nu ojú ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọkàn ọmọ náà dúró lórí tábìlì fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago kan lù, àti pé dókítà fúnra rẹ̀ ò lè sọ ohun tó dá a padà.

"Màámi," ọmọ náà ní, "mo tún rí ọkùnrin yẹn. Mo dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní àyè ò sí mọ́, obìnrin kan ti jókòó síbẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, mi ò rí ojú rẹ̀."

"Àlá ni," ìyá ní. "Padà sùn."

Ó ki ọwọ́ bọ báàgì láti wá áńkáṣíìfù. Ọwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀. Ó wá ọ̀tún, ó wá òsì, ó da gbogbo rẹ̀ sórí ìtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Téèpù rẹ̀ ò sí.

Fóònù rẹ̀ tàn. Kò sí nọ́ńbà lójú rẹ̀.

"Ẹ gbàgbé téèpù yín sínú ọkọ̀ mi," ohùn rírọlẹ̀ yẹn ní. "Níbo ni kí n gbé e wá? Ìgbà wo sì ni ṣẹ́ẹ̀tì mi máa yá?"

Ìyá wo ọmọ rẹ̀ tó ń sùn. Ohun tó máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà, pé Bọ́tìnnì ló kù, ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì. Kò ní dárúkọ ọmọ rẹ̀ sétí ẹni yìí mọ́ láé.

"Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nílé, ẹ mọ ibẹ̀. Ẹ má wá síbí." Ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ òtítọ́ tí kò sọ fún oníbàárà kankan rí. "Ṣẹ́ẹ̀tì yín, mi ò tíì gé e."

"Mo lè dúró," ohùn náà ní. "Màá máa yà wá wò ó."

"Màámi, ta nìyẹn?" ọmọ bi í láàárín oorun.

"Oníbàárà ni."

Títí di òní, aṣọ funfun kan wà lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù ìyá. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ọrùn, ó sàmì sí èjìká, apá méjèèjì sì gùn dọ́gba. Ó máa ń gbọn eruku rẹ̀ ní àárọ̀, ó máa ń tún un ká. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí sísọ́ọ̀sì kàn án.