Orin Tí Kọ̀ǹpútà Kò Rí Mọ́

"Ta ló sọ pé àkọlé kan péré ni orin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní?"

Kò tiẹ̀ kí ọkùnrin náà kó tó bi í. Àǹtí Àkọlé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí òun ló ń kọ àpèjúwe àwọn ìwé àti ohùn tó wà ní láíbìrì orí kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó bá ń wá wọn lè rí wọn. Ọkùnrin náà, tí wọ́n ń pè ní Ẹnjinníà, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti tún gbogbo rẹ̀ tò.

"Èmi ni," Ẹnjinníà dáhùn. "Àkọlé rẹpẹtẹ máa ń da kọ̀ǹpútà láàmú."

"Ṣé kọ̀ǹpútà lẹ wá ṣiṣẹ́ fún ni, àbí èèyàn?"

Ẹnjinníà bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni ọkàn rẹ̀ ti fà sí i. Wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń jẹun pọ̀, títí ìfẹ́ fi wọ ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n sì pinnu láti fẹ́ra.

Èdè ilé wọn yàtọ̀ síra. Èyí kò tẹ́ bàbá Àǹtí lọ́rùn, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì. "Ọmọ-ọmọ mi á kàn máa wò mí bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n tí kò lóhùn," ló máa ń wí. Síbẹ̀, ó gbà kí ìyá Ẹnjinníà wá rí òun lọ́jọ́ Sátidé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá wá sí láíbìrì, bó ti máa ń ṣe, láti gbọ́ orin tí ìyàwó rẹ̀ tó ti kú fi máa ń rẹ ọmọ sùn, tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Ó tẹ orúkọ orin náà ní èdè ilé rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ó tún un tẹ̀. Kò rí i síbẹ̀.

"Ṣé ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọ ló pa ohùn ìyá rẹ rẹ́?" ó bi ọmọ rẹ̀. "Kí ìyá rẹ̀ má wulẹ̀ wá mọ́ ní Sátidé."

Nígbà tí Àǹtí sọ fún Ẹnjinníà, ó yára dáhùn. "Olólùfẹ́ mi, ohùn ọ̀hún wà níbẹ̀. Àkọlé tó wà ní èdè ìjọba nìkan ni mo fi sílẹ̀. Jẹ́ kí n dá ti màmá padà kíákíá, kí ọkàn bàbá lè balẹ̀."

"Ti màmá mi nìkan?"

"Ìyókù lè dúró ná."

"Àwọn tó ń wá ìyá tiwọn ńkọ́? Tó o bá tún ti màmá mi nìkan ṣe, èmi gan-an ò ní fẹ́ ọ."

Ẹnjinníà mọ̀ pé Àǹtí ò ṣeré. Ó ní láti yí ìlànà náà padà látìbẹ̀rẹ̀, kí àkọlé wà ní gbogbo èdè, kí kọ̀ọ̀kan sì ní àmì èdè tirẹ̀. Tí kò bá wá parí kí Sátidé tó dé ńkọ́? Tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́.

Sátidé dé, iṣẹ́ kò tíì tán. Àǹtí fi ẹ̀bẹ̀ mú bàbá rẹ̀ wá sí láíbìrì. Ìyá Ẹnjinníà náà wọlé.

"Ẹ kú ìjókòó, sà," ó kí bàbá.

Bàbá kàn mirí. Ìyá náà jókòó sí ìkángun kejì. Ẹnjinníà ń tẹ kọ̀ǹpútà, òógùn ń wẹ̀ ẹ́.

"Ẹ wá a wò báyìí, sà," ó ní níkẹyìn.

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin kan gba inú yàrá náà kan. Bàbá di ojú rẹ̀.

Nígbà tí orin parí, ìyá Ẹnjinníà sún síwájú. "Mo mọ orin yìí. Bá a ṣe ń pè é nílé tiwa ló yàtọ̀." Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ orúkọ náà ní èdè tirẹ̀. Àǹtí ti kọ àkọlé yẹn síbẹ̀ tipẹ́, Ẹnjinníà sì ti dá a padà.

Ohùn kan náà tún dún.

Bàbá wo obìnrin náà títí, ó wá fa àga sún mọ́ tirẹ̀.

"Àna mi," ó ní, "ẹ jókòó síbí. Ẹ ó gbọ́ ọ dáadáa."